Kọ̀ǹpútà Tó Wà ní Pálọ̀ Màmá

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo ti kúrò nílùú mi máa ń béèrè bóyá òtútù ò pa mí níbi tí mo wà. Wọ́n rò pé òkun ni mo là kọjá. Abẹ́òkúta ni mo wà. Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni ìyá mi sì fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Nígbà tí ọkọ mi ní òun ń mú mi lọ sílé àwọn òun ní Ẹ̀gbá, ohun tí mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé yàrá ni mo fẹ́ pààrọ̀, kì í ṣe ilé.

Ọjọ́ kẹta ni ojú mi là. Màmá, ìyá ọkọ mi, rán mi síta pé kí n ra búrẹ́dì. Mo kí obìnrin tó ń tà á, mo sọ ohun tí mo fẹ́. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, ẹ sáré wá gbọ́ Yorùbá ẹnu eléyìí! Àǹtí, Àgànyìn ni yín àbí Ègùn?"

"Yorùbá ni mí," mo ní.

"Yorùbá ti ibo?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, wọ́n tiẹ̀ fi búrẹ́dì kékeré kan ṣe èènì fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo bù ú sẹ́nu, ó rọ̀, ó sì dùn bí àkàrà òyìnbó. Nílé wa, búrẹ́dì gùn bí apá, ẹ̀yìn rẹ̀ le, a sì máa ń fi mu kọfí láàárọ̀. Mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń sunkún nítorí búrẹ́dì. Oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi nígbà náà, mo bá gbé ẹ̀bi ẹkún náà lé oyún lórí.

Mo ka ìwé parí ní sẹ́kọ́ńdírì, mo sì ní ìwé ẹ̀rí mi lọ́wọ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo mú un lọ sí iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí kò jìnnà sílé. Ọ̀gá ibẹ̀ yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó ní ìwé náà dára, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ àwọn ò lè kà á. Èmi náà ò sì gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń bi mí ní ìbéèrè dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà sílé, tí mo sì jókòó.

N kò ní parọ́ mọ́ Màmá. Kì í ṣe ìyá ọkọ burúkú. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni láti kékeré. Nígbà tí mo bí Dọlápọ̀, ọmọbìnrin mi, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ mí níkùn láràárọ̀ fún odindi oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n òun náà ló gba ìwé ìrìnnà mi lọ́wọ́ mi, kí ọmọ má bàa fà á ya. Ó tì í mọ́ inú àpótí tí ìwé ilẹ̀ ìdílé wà. Bí mo bá sì wọ bàtà, ó ní ìbéèrè kan tó máa ń bi mí:

"Ìyàwó, kí lo fẹ́ lọ rà tí n ò lè bá ẹ rà?"

Kò sí ohun tí mo fẹ́ rà. Mo kàn fẹ́ rìn títí yóò fi rẹ̀ mí. Mo máa ń bọ́ bàtà padà.

Ọkọ mi máa ń jí jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ láti wọkọ̀ ní Kuto lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó. Ìgbà tó bá dé, ọmọ ti sùn. Bí mo bá ní ilé ti sú mi, yóò ní, "Ṣe sùúrù fún Màmá, ìwọ ni wọ́n fẹ́ràn jù." Òótọ́ ni. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kó le.

Ìyá mi máa ń pè láti Kétu lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ibi tí à ń gbé sétí lára fóònù mi ti bàjẹ́, àfi kí n ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sùn?"

"Mò ń sùn, Ìyá."

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun dáadáa."

"Kí ló wá ṣe ohùn rẹ?"

Mo gbójú sókè. Màmá wà lórí àga, ó ń bó ẹ̀gúsí, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní, "Ọ̀fìnkìn ni."

Màmá ké sí fóònù láti ibi tó wà: "Ẹ kú ọjọ́ o, Àna mi! Ẹ má ṣèyọnu, mò ń se àgbo fún un!"

Ó sì sè é lóòótọ́. Mo mu àgbo ọ̀fìnkìn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ló fi ọ̀nà iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi. Obìnrin kan ń kọ́ àwọn ọmọdé ní èdè Faransé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń wá olùkọ́. Mo kọ̀wé sí i. Ó pè mí, a sọ Faransé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ń wá ọ̀rọ̀ nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ ọ́. Ó ní kí n wá kọ́ kíláàsì ìdánwò kan ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní fóònù ò ní ṣe é, nítorí mo gbọ́dọ̀ máa fi àwòrán han àwọn ọmọ, kí n sì máa rí ojú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà ni.

"Ẹ má pẹ́ o," ló fi kún un. "Ẹnì kan wà lẹ́yìn yín tó ń dúró."

Ọkàn mi sọ fún mi pé ilẹ̀kùn nìyẹn. Bí mo bá ní iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi, n ó di ẹni tó ní ibi tó ń lọ.

Kọ̀ǹpútà kan wà ní pálọ̀. Ti bàbá ọkọ mi ni, tó kú kí n tó dé. Òun ni akọ̀wé ìjọ wọn, orí rẹ̀ ló ti ń tẹ gbogbo ìwé ìpàdé. Ó tóbi, ó wúwo, Màmá sì fi aṣọ funfun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó. Ó gbà kí n lò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí aṣọ náà, ó ká a sí mẹ́rin. Mo so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi, mo ní kí n ṣí ibi tí a ó ti máa ríra wa. Ó dúró gbagidi. Àmì róbótó kékeré kan ń yí lójú rẹ̀, ó ń yí, mo fún Dọlápọ̀ lóúnjẹ tán, ó ṣì ń yí.

Ọkọ mi ní kí n pe Lékè, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kuto. Lékè ní mẹ́mórì rẹ̀ ló kéré, kí n gbé e wá. Màmá ní láéláé.

"Kọ̀ǹpútà Bàbá ò ní jáde nínú ilé yìí. N ò sì fẹ́ kí àjèjì wá máa tú u níṣojú mi."

Lékè bá ní kí n tú u fúnra mi, kí n yọ mẹ́mórì inú rẹ̀ nìkan, kí n mú un wá kó lè mọ irú tó jẹ́. Bí mo ṣe wé pátákó pẹlẹbẹ kan sínú áńkáṣíìfù ọmọ nìyẹn, tí mo gbé ọmọ pọ̀n, tí mo dé Kuto lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá tẹ̀ lé mi, ó gba àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Odeda ni mí, mà."

"Kí ni iṣẹ́ bàbá rẹ?"

"Àgbẹ̀ ni wọ́n, mà."

"Ó dáa. Má ta ayédèrú fún ìyàwó mi o."

"Ayédèrú kẹ̀, Màmá? Arúgbó ni mò ń wá fún arúgbó."

"Ta ni arúgbó?"

"Kọ̀ǹpútà ni, mà! Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà ni mò ń wí!"

Màmá gbójú kúrò, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń fi gèlè bo ẹ̀rín. Lékè fi tèmi hàn mí. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ibi tí wọ́n gé díẹ̀. Ó ní kí n wo ibẹ̀ dáadáa, nítorí wọn kì í gé ti ìsinsìnyí síbẹ̀, kò lè wọ ihò tiwa, ẹni tó bá fi agbára tì í ni yóò ṣẹ́ ẹ. "Gíìgì kan péré lẹ ti ń lò látọjọ́ yìí? Ẹ kú ìfaradà o, Àǹtí." Ó tú inú àwọn òkú kọ̀ǹpútà tó wà nílẹ̀, ó rí méjì tó bára mu, gíìgì méjì-méjì, ó sì yá mi ní kámẹ́rà kékeré kan tó ń gbé ohùn. Ó kọ́ mi: kí n yọ wáyà iná, kí n di irin ara rẹ̀ mú kí n tó fọwọ́ kan mẹ́mórì, kí n tì í wọlé títí etí funfun méjèèjì tó wà lára ihò yóò fi gbé e mú, kó dún "kà."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́rú. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Màmá dúró lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń wo dókítà. Mo ti mẹ́mórì méjèèjì wọlé, wọ́n dún "kà." Mo tan iná. Ojú rẹ̀ dúdú. Ó ké "pííí," ó dákẹ́, ó tún ké.

"Ó ń sunkún," Màmá wí. "O ti pa á."

Mo pe Lékè. Ó gbọ́ igbe náà lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín. "Kò kú. Ó ń sọ pé òun ò rí mẹ́mórì ni. Ẹ pa á. Ẹ fi ìrésà ìwé pa ẹsẹ̀ wọn tó pọ́n bíi góòlù. Ẹ wá fi ẹyọ kan ṣoṣo sí ihò kìíní, ẹ tan án. Lẹ́yìn náà, ihò kejì. Lẹ́yìn náà, ẹyọ kejì. Ẹ má fi méjì dán an wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ èwo ló jalè."

Mo ṣe é bó ṣe wí. Èkíní jí ní ihò kìíní. Èkejì náà jí níbẹ̀. Kò sí èyí tó jí ní ihò kejì. Nítorí náà ihò ló ní àìsàn. Mo fi iná fóònù wò ó, aláǹtakùn ti kọ́lé síbẹ̀, eruku ọyẹ́ ọdún mélòó sì ti dì mọ́ ọn. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tuntun tí a rà sílẹ̀ de Dọlápọ̀, mo fi gbá a díẹ̀díẹ̀. Mo ti méjèèjì wọlé. Mo tan án.

Ojú rẹ̀ là. Gíìgì mẹ́rin. Mo ṣí ibi fídíò, mo sì rí ojú ara mi lórí rẹ̀, òógùn bo imú, òwú aláǹtakùn wà lórí mi. Mo kígbe. Dọlápọ̀ kígbe. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, n ò tíì ṣe nǹkan kan tí mo lè nàka sí pé èmi ni mo ṣe é. Màmá fọwọ́ pa ojú kọ̀ǹpútà náà, ó ní, "Ì bá jẹ́ pé Bàbá rí ọ." Inú mi dùn gan-an.

Lékè ní kí n má tíì dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n lò ó bẹ́ẹ̀ di Sátidé ká lè rí ìṣesí rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ ní dídùbúlẹ̀, ikùn rẹ̀ ṣí sókè.

Ìyẹn ni àṣìṣe mi. N ò rántí pé nílé Màmá, nǹkan tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba òróró. Fíríìjì gbà á. Jẹnẹrétọ̀ gbà á. Èmi náà gbà á níwájú orí lọ́jọ́ tí mo wọlé.

Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, mo ti wọ bùláúsì mi tó dára jù. Mo tan kọ̀ǹpútà. "Pííí." Mo pa á, mo tún un tàn. "Pííí." Mo na ọwọ́ sí mẹ́mórì láti yọ ọ́, ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbóòórùn ìka mi. Òróró ólífì. Ó ti ṣàn gba ara méjèèjì wọ inú ihò, eruku tó kù sì ti pò mọ́ ọn bí ẹ̀kọ.

Màmá wà lórí àga rẹ̀, ó ti wọṣọ, ó fẹ́ wo kíláàsì náà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fi nǹkan kan sí kọ̀ǹpútà?"

"Mo fi àdúrà sí i. Lánàá, nígbà tí ò ń wẹ ọmọ."

"Òróró ńkọ́?"

"Àdúrà wo ló ń lọ láìsí òróró? Mo dà á dáadáa. N ò fẹ́ kí ojú tì ọ́."

Mo pe ọkọ mi, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ Sátidé. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe nǹkan mìíràn?" Mo gé ìpè náà.

Ọ̀rọ̀ kún ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún Màmá pé bó ṣe ń da òróró sí kọ̀ǹpútà náà ló ń dà á sí mi lára látọdún méjì, ó ń dà á, ó ń dà á, n ò sì lè mí. Mo yíjú sí i. Ó ń wo òróró tó wà ní ìka mi. Ó ti yé e. Obìnrin tó kọ́ ọmọ fún ọdún gbọọrọ kì í pẹ́ mọ̀ bí ìdáhùn bá ti ṣì.

"Ó pọ̀ díẹ̀ ni, Màmá," mo ní.

Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì gbé ike pupa kan bọ̀ tí a ti ń lò láti ìgbà ìkókó Dọlápọ̀. Sípíríìtì tó fi ń nu ìdodo ọmọ wà nínú rẹ̀, ó ṣì ku ìdajì, òwú náà wà níbẹ̀. "Eléyìí máa ń gbẹ kíákíá," ló sọ jẹ́ẹ́.

Mo yọ wáyà iná. A bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Mo nu mẹ́mórì, mo wé òwú mọ́ igi tín-ín-rín, mo fi ń ro inú ihò. Màmá mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Dọlápọ̀ jókòó sáàárín wa, ó ń tú òwú ká. Aago mẹ́sàn-án lù. Mo dán ẹyọ kìíní wò ní ihò kìíní, igbe. Mo tún un nù, mo fi ìrésà pa á, igbe. Mo fi èkejì síbẹ̀, igbe. Ó di mẹ́sàn-án ààbọ̀. "Ẹ tún un fẹ́, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ inú ihò gan-an." Ó fẹ́ ẹ tí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ fi ń dún woroworo.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, èkejì jí. Èkíní kò jí mọ́ títí dòní. N ò wá méjì mọ́. Mo pa gbogbo ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, mo fi gíìgì méjì wọlé. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan, ojú ọmọ mẹ́rin hàn sí mi, àti ojú ìyáàfin náà lókè, ó ń wo aago. Mo kí wọn ní Faransé. Wọ́n kí mi padà. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò rántí pé ẹ̀rù bà mí.

Ìyáàfin náà gbà mí sí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Mo fò sókè. Màmá fò jù mí lọ. Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń gbọ́ ọ láti kíṣìnnì: "Ọlọ́run tóbi! Ìyàwó mi ti ríṣẹ́, iṣẹ́ gidi, kò sì ní yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú pálọ̀ mi! Ẹ rí i? Mo ní kó má wulẹ̀ máa wá iṣẹ́ kiri."

Àwo wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀ kí n má bàa fọ́ ọ.

Ó ti tó oṣù márùn-ún báyìí. Mò ń kọ́ kíláàsì mẹ́fà lọ́sẹ̀, àwọn òbí sì fẹ́ràn mi. Màmá ti gbé àga mìíràn tó ní tìmùtìmù sídìí kọ̀ǹpútà náà fún mi. Ó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá bá mi níbẹ̀, ó máa ń pọn ọmọ bí mo bá ń kọ́ni, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ìyá mi ní ṣé mo rí i bí Ọlọ́run ṣe gbọ́ àdúrà? Ó ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wálé? Mo ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí n ráyè. Òótọ́ ni, irọ́ sì ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a dé ibi tí àwọn ọmọ yóò ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tí èèyàn ń fẹ́. Màmá wà lẹ́yìn mi bó ṣe máa ń wà, Dọlápọ̀ ń tòògbé léjìká rẹ̀. Ìwé tí ìyáàfin fi ránṣẹ́ ní kí n lo omi àti bọ́ọ̀lù. Mo lò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi kúrò lórí ìwé. Mo sọ ọ́ ní Faransé, díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn: mo fẹ́ jáde. Ohùn ọmọ mẹ́rin gba inú kọ̀ǹpútà Bàbá jáde: mo fẹ́ jáde. Mo fẹ́ gba ìwé ìrìnnà mi. Wọ́n fẹ́ gba ìwé wọn. Mo fẹ́ rí ìyá mi.

"Èdè yín yìí dùn létí o," Màmá wí, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọmọ jẹ́jẹ́. "Kí ni wọ́n ń sọ?"

"Wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń béèrè nǹkan ni, Màmá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè béèrè, ebi ni yóò pa á. Jẹ́ kí wọ́n tún un sọ."

Mo yíjú padà sí àwọn ọmọ náà, mo sì ní kí wọ́n tún un sọ, kí wọ́n gbé ohùn sókè.